Ẹni tí Yóò Wẹ Yínúsà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Yínúsà ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Pijó rẹ̀. Ó wo omi, ó wo ọ́ìlì, ó fi àkísà nu orí bátìrì. Ó fẹ́ gbé Sùlèímọ́nù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, láti Mowe lọ sí Múṣin, níbi tí ìjọ kan yóò ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bóyá wọn yóò fi ṣe pásítọ̀. Ọdún 1988 ni.

Mẹkáníìkì ni Yínúsà, láti Ìwó ló ti wá gba yàrá sí Mowe. Òun náà ló ń wẹ òkú fún àwọn Mùsùlùmí àdúgbò. Ọmọ méjì ló bí. Nùsírátù wà nílé ọkọ ní Ìfọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kì í wẹ òkú bàbá rẹ̀. Sùlèímọ́nù nìkan ló kù. Nígbà tí Sùlèímọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ̀ kò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: “Tí mo bá kú, ta ni yóò da omi sí mi lára?”

“Èmi ni, Bàbá. Ta ni ẹ tún rò pé ó máa jẹ́?”

Ìdáhùn yẹn ló ń jẹ́ kí Yínúsà rí oorun sùn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ibafo ni ooru omi bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde níwájú ọkọ̀. Fáànù bẹ́líìtì ti já. Bẹ́líìtì yìí ló ń yí fáànù, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá já, omi yóò dúró sójú kan, yóò sì máa hó.

Obìnrin kan tó ń ta ọsàn létí títì ń wò wọ́n. “Bàbá mẹkáníìkì, tiyín náà máa ń dákú?”

“Ó ń sinmi ni, ìyàwó. Bó o bá dàgbà tó ọkọ̀ yìí, ìwọ náà á máa sinmi.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Sùlèímọ́nù ń wo aago. “Bàbá, ṣé ó máa ṣe é tún ṣe?”

Yínúsà fọwọ́ kan bẹ́líìtì tó já náà. Bí ó bá ní kò ṣe é ṣe, ọmọ rẹ̀ yóò gbà á gbọ́, wọn yóò sì padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa tíúbù ọkọ̀ ńlá kan jáde lábẹ́ ìjókòó, ó fi ọ̀bẹ gé òrùka kan lára rẹ̀. Kò lo okùn, nítorí okùn gbọ́dọ̀ ní kókó, ibi kókó yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Ó na òrùka róbà náà, ó fi kọ́ ibi tí bẹ́líìtì ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó dúró kí irin tutù kó tó bu omi sí i, torí omi tútù a máa la irin gbígbóná.

“Wọlé, Súlè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la máa lọ.”

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, Yínúsà ṣí fìlà ìkírun kúrò lórí, ó tì í bọ àpò. “Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé dẹ́rẹ́bà ni mí.”

“Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Òní kọ́ là ń jiyàn.”

Ẹnikẹ́ni kò bi í. Ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ rí àgbàlagbà nínú oòrùn, ó ní kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Alàgbà Ògúnlàdé ló ṣáájú àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó béèrè nípa Bíbélì, ó béèrè nípa àbẹ̀wò aláìsàn, Sùlèímọ́nù sì dáhùn láìkọsẹ̀. Inú Yínúsà dùn níbi tó wà.

Alàgbà náà wá fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì pe Sùlèímọ́nù, ó ní, “Brọ́dà Sólómọ́nì, ẹ má bínú. Mùsùlùmí ni bàbá yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Nígbà tí bàbá pásítọ̀ tó ṣíwájú yín papò dà, pásítọ̀ náà lọ bá àwọn Mùsùlùmí kírun sí òkú náà lára. Ìjọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Tó bá kan tiyín, ṣé ẹ máa lọ́wọ́ sí wíwẹ̀ àti ìkírun wọn?”

Sùlèímọ́nù gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti dá Sùlèímọ́nù dúró níbi iṣẹ́. Rosemary, ìyàwó rẹ̀, sì lóyún sínú.

“Rárá, sà,” ló wí.

Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Wọ́n ní kó tún un sọ, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó tún un sọ.

Yínúsà dìde jẹ́jẹ́, ó jáde lọ wo omi ọkọ̀.

Nígbà tí Sùlèímọ́nù jáde, bàbá rẹ̀ kò gbórí kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Wọ́n gbà ọ́?”

“Wọ́n gbà mí, Bàbá.”

“Àlùhámúdùlíláì. Wọlé.”

Nígbà tí wọ́n dé Arepo, Sùlèímọ́nù yíjú sí bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ohun tí mo sọ níbẹ̀ yẹn…”

“Sàhéèdì ọmọ Ìyàndá, alájọgbé wa,” ni Yínúsà wí, “ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kì í kánjú. Màá ní kó máa wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo Jímọ̀.”

“Kó wá ṣe kí ni?”

“Kí n kọ́ ọmọ náà ní òkú wíwẹ̀. Wọ́n á gbé orí sókè díẹ̀, wọ́n á tẹ ikùn jẹ́jẹ́, kí wọ́n tó da omi. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi náà máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbọ́dọ̀ gbóná. Omi tó kẹ́yìn ni wọ́n ń fi káfúrà sí, kí òórùn dídùn lè wà lára òkú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kánjú níbẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, ó yẹ kó tètè bẹ̀rẹ̀.”

Sùlèímọ́nù yíjú sí igbó tó wà létí títì, èjìká rẹ̀ ń mì. Yínúsà kò wò ó. Nígbà tí wọ́n kọjá Magboro, Yínúsà béèrè:

“Ọjọ́ wo lẹ máa kó lọ sí Múṣin? Má jẹ́ kí Rosemary gbé nǹkan wúwo. Màá wá bá yín kó o.”