Ẹlẹ́rìí Láti Ẹ̀pẹ́

“Ẹ̀yin lẹ máa ka ẹ̀rí náà lọ́jọ́ Àjíǹde, èmi ni màá tú irin náà,” Mùlíkátù wí. “Kí ẹ tó kà á tán, ẹsẹ̀ ọmọ mi á ti bọ́ nínú rẹ̀.”

Afọlábí, ọkọ rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì, ìwé ìrántí ìjọ wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, tàdáwà ń gbẹ lẹ́nu gègé. Rẹ̀mí ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lórí ẹní, ó ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọlangidi rẹ̀. Irin méjì ló gbá ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà mú láti itan dé bàtà, awọ mẹ́ta ni wọ́n fi ń dì í. Ibà kan ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ibà náà lọ, ó sì kó agbára ẹsẹ̀ náà lọ. Dókítà ní Èkó ní kó fi irin náà rìn fún ọdún méjì gbáko. Ọ̀kan ti lọ, ó ku ọ̀kan. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́ ṣáájú, orúnkún á tẹ̀, kò sì ní í ṣeé nà mọ́.

Ìròyìn tó gba Ìkòròdú kan ló fa gbogbo èyí. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ́ Kúbúrá, pé ó rọ fún oṣù mẹ́rin. Màmá Fẹ̀hìntọlá, ọmọ ìjọ wọn tó máa ń lọ ra ẹja níbẹ̀, gbàdúrà fún un, obìnrin náà dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí ọ̀sà. Alàgbà Adélàjà, olórí ìjọ, ní kí Afọlábí tó jẹ́ akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á fún ìjọ.

“Ìyá Rẹ̀mí, jẹ́ n kọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́.”

“Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Ẹ̀pẹ́?”

“Mo fẹ́ bi obìnrin náà léèrè.”

“Ṣé ẹ dé Jerúsálẹ́mù kẹ́ ẹ tó gbà pé Jésù jí dìde?”

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó ti ń dùn ún. Ẹ má pè é ní aláìgbàgbọ́ o. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn Bíbélì ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n tíṣà ni, tíṣà kì í sì í yé wádìí. Bí ọmọ mẹ́rin bá ṣẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ń rojọ́ kan náà láìyí gbólóhùn kan padà, ó mọ̀ pé wọ́n ti lọ dìmọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í janpata pé ìyìn rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ka iye obìnrin tó lọ síbi ibojì bákan náà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó lè bi àwọn obìnrin náà ní nǹkankan mọ́. Kúbúrá ní tirẹ̀ wà láàyè, ọkọ̀ ojú omi kan péré ló wà láàárín wọn.

“Lúùkù náà ní òun wádìí kí òun tó kọ ọ́,” ó wí. “Pọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ló rí Olúwa, pé púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láyé. Kí lo rò pé ó ní lọ́kàn? Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi wọ́n ni.”

Mùlíkátù fa awọ irin náà le. “Ẹ lọ o. Ẹ ṣáà má kó iyèméjì wálé wá bá mi.”

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kọ́kọ́ yà sílé Màmá Fẹ̀hìntọlá.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé obìnrin yẹn rọ?”

“Èmi kọ́. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Mo ní ó jókòó sínú ilé fún oṣù mẹ́rin, kò tẹ ìta. Mo bá a lórí ẹní, ó ti gbẹ, ó ń sunkún, mo gbàdúrà fún un. Nígbà tí mo tún lọ, òun ló wá pàdé mi létí omi. Kí lo fẹ́ kí n pè é, tíṣà?”

“Ẹ ò bi í nídìí tí kò fi jáde?”

“Ẹni tó ń sunkún, à á rẹ̀ ẹ́ ni, a kì í fi ìbéèrè dá a lóró. Mo rò pé àìsàn ni.”

Ó wọkọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú, ọkọ̀ náà sì gbé e dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Wọ́n fi Kúbúrá hàn án níbi tó ti ń yí ẹja lórí ààrò. Obìnrin náà dìde, ó lọ gbé àpótí wá fún àlejò. Ẹsẹ̀ méjèèjì gún. Afọlábí rí i pé inú òun ń dùn. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá Rẹ̀mí náà á rìn bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ lọ, ìyẹn ló ṣe ń bà á lẹ́rù.

Ó ro ẹjọ́ tó bá wá fún un.

“Ta ló rọ?” Kúbúrá bi í. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Tàkàbá ni mo wà, tíṣà. Orí omi lọkọ mi kú sí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó nílé lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́jọ́ tó pé, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo jáde. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá yẹn tún wá.”

Afọlábí pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ kò ju ọjọ́ méjìlá lọ, kò sì ju ọ̀sà kan lọ, ẹ wo ohun tó ti dà. Kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

“Ẹ má wá sọ pé àdúrà ìyá yẹn ò ṣe nǹkankan o,” Kúbúrá wí. “Ọjọ́ kẹta tí mi ò jẹun ló dé. Ará ilé ti bẹ̀ mí títí. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń bá mi sunkún, kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí. Bó ṣe ṣe àmín, mo ní kí wọ́n fún mi lẹ́kọ. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ.”

Nígbà tí Afọlábí máa padà délé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Mùlíkátù ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ funfun Rẹ̀mí. Bàtà tuntun kan wà lórí tábìlì, kékeré, dúdú, méjèèjì dọ́gba. Láti ìgbà tí irin ti wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, kò wọ bàtà tó dọ́gba rí.

“Ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí i.”

“Ó ń rìn?”

“Ó ń rìn. Ìyá Rẹ̀mí, ọkọ rẹ̀ ló kú. Ó jókòó sílé…”

“Oṣù mẹ́rin,” Mùlíkátù wí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ náà. “Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.”

Afọlábí kò tíì dárúkọ ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí Mùlíkátù sí kó tó fẹ́ ẹ, kó tó ṣe ìrìbọmi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló sì ń pọnmi wọlé fún ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyẹn fi wà nínú tàkàbá.

“Nínú gbogbo ìjọ, èmi ló yẹ kí n mọ̀,” ó wí. “Mo fi etí ara mi gbọ́ oṣù mẹ́rin. Mi ò fẹ́ mọ̀ ni.” Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó sì fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú. “Ti àwọn obìnrin ibojì ńkọ́? Àbí bẹ́ẹ̀ náà ni?”

Afọlábí mú ọ̀kan nínú bàtà náà lọ́wọ́. “Mi ò lè bi wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń hùmọ̀ ìtàn láyé ìgbà náà, kò ní í fi obìnrin ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, torí wọn kì í ka ẹ̀rí obìnrin sí. Ibi tí ìwádìí gbé mi dé nìyẹn. Ìgbàgbọ́ ni mo fi rin ìyókù. Ṣùgbọ́n ti Ẹ̀pẹ́ yìí, mo bi í, ó sì dá mi lóhùn.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Alàgbà Adélàjà gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìjọ ló ń rò. “Tíṣà, wọ́n ti ń yọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ nìkan lo lọ Ẹ̀pẹ́. Ìwé Mímọ́ ní lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni kí ọ̀rọ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ẹlẹ́rìí rẹ kejì dà?”

Afọlábí ní bí òun ṣe gbọ́ ọ lòun máa kà á.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Afọlábí dìde, ó kà á bó ṣe kọ ọ́: opó kan ní Ẹ̀pẹ́ kò rọ rí; ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó jẹun; Màmá Fẹ̀hìntọlá bá a sunkún, ó bá a gbàdúrà, obìnrin náà sì jẹun. Kùn-ún-kùn-ún gba inú ilé. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní irọ́ ni, pé tíṣà ti fi ìwé ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Alàgbà gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ó wo Afọlábí, kò bínú, ó kàn ń dúró de ẹlẹ́rìí kejì.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ irin lórí sìmẹ́ńtì. Mùlíkátù ló ń bọ̀ láàárín àga, ó di ọwọ́ Rẹ̀mí mú, wọ́n rọra ń rìn bí ọmọ náà ṣe lè rìn. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà. Awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní dídì lẹ́sẹ̀ òsì.

Wọ́n dé iwájú, ó sì kọjú sí ìjọ.

“Ọmọ opó lèmi,” ó wí. “Mo wá jẹ́rìí.”