Èèkàn Tófúnmi

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé wa ni oorun ti dá lójú mi. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tí yóò sọ nípa ilẹ̀ agboolé wa wá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì ètò ìkọ́lé bá wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹbí ọkọ mi fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí bàbá ńlá wọn kọ́, kí wọ́n gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, kí wọ́n kọ́ yàrá tí àwọn ọmọ Poli á máa háyà. N ò bá wọn jà. Opó ni mí, wọ́n sì ti bá mi mú yàrá nínú ilé tuntun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ mi ọkùnrin, Jésùtófúnmi, wà níbẹ̀. Ibà ló pa á, nígbà tí Peculiar àbúrò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Ọ̀fọ̀ ni irú ikú bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Ìyá ọkọ mi tì mí mọ́ yàrá, ó jókòó ti ilẹ̀kùn, Bàbá Àkíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sì gbé ọmọ gba ẹ̀yìn lọ. Mò ń gbọ́ ìró ọkọ́ bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀.

"Má bèèrè ibẹ̀ láéláé," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ìyá tó bá fojú kan oórì ọmọ, á tún sin òmíràn."

Tíṣà ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni mí. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé n ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Irọ́ ni mò ń pa. Bí mo bá ń sá láfún lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ mi kì í balẹ̀ dáadáa. Ní báyìí, Peculiar ti wá sọ́dọ̀ mi láti bímọ, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ẹ̀rù náà sì ti di ìlọ́po méjì.

Ọjọ́rú pé. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣẹ́, wọ kóòtù nínú oòrùn Èrúwà, ká lè mọ̀ pé ìjọba dé. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Àkíbù, tó ti di olórí ẹbí, dúró tì í.

"Àwọn òkú àgbà tó wà nínú ilé, a ti rí sìmẹ́ǹtì orí wọn," ni Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣẹ́ wí. "A máa fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ṣé òkú mìíràn wà?"

Bàbá Àkíbù wolẹ̀. "Kò sí."

Mo bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé ṣe.

"Ṣálángá ni, màmá. Katakata máa wá gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ojú mi rí irin katakata nínú ilẹ̀, ó sì rí ohun tó máa bá a jáde. "Ẹ má gbẹ́ ẹ o! Ọmọ mi wà níbẹ̀!"

"Níbo gan-an?"

"N ò mọ̀."

Akọ̀wé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣẹ́ fojú bá a wí. Yorùbá lòun náà, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n aláàánú tó wọ kóòtù, kóòtù ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Mo mọ àṣà, màmá. Àmọ́ òfin wa ni pé ẹni tó ni òkú ni yóò dúró síbẹ̀, a ó sì kan èèkàn. Ibi tí èèkàn bá wà, katakata ò ní fọwọ́ kàn án. Ibi tí kò bá sí, mi ò lè dá a dúró."

Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Àkíbù. "Ẹ̀yin lẹ sin ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀."

"Ìyá Peculiar, má ṣe é," ló wí. "Rántí ẹni tó wà nínú ilé."

Mò ń gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú ilé. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí Bàbá Àkíbù. Ìpín tirẹ̀ ni ẹ̀yìnkùlé nínú àwòrán yẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé ojúkòkòrò ló dì í lẹ́nu. Mo fi ìborùn mi di ojú mi pinpin kí n má baà fojú kan oórì náà, mo na ọwọ́ sí i.

Ó mú mi lọ. A rìn, a dúró. A yà, a tún dúró. Ẹsẹ̀ mi kan koríko, ó kan òkúta, ó tún kan koríko. Ó wá fi ẹnu sí mi létí.

"Igi ọsàn ni mo fi ṣàmì. Wọ́n gé e nígbà tí a ń kọ́ balùwẹ̀, èmi ò sí nílé. Láti ọjọ́ tí ìwé ti dé ni mo ti ń wá ibẹ̀. N ò mọ ibẹ̀ mọ́, Ìyá Peculiar."

Ẹkún ló ń sun. Ọlọ́run mọ̀ pé ojúkòkòrò ì bá sàn fún mi. Olójúkòkòrò ṣeé bẹ̀.

"Ṣé ẹ ti débẹ̀?" ni Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣẹ́ ké láti ọ̀nà jíjìn.

Mo tú ìborùn. Ẹ̀yìnkùlé tẹ́ rẹrẹ níwájú mi, koríko ló bo gbogbo rẹ̀, kò síbi tó yàtọ̀ síbì kan. Tí mo bá sọ òótọ́, wọn ò ní kan nǹkan kan, wọ́n á gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

"Ibi tí mo dúró sí yìí ni," ni mo wí.

Bàbá Àkíbù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n kan èèkàn síwájú ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún lórí, wọ́n fa okùn yí i ká. Àyè tí wọ́n fún wa kò ju ẹní kan lọ. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣẹ́ ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n sì wọ mọ́tò wọn lọ.

Peculiar jáde láti inú ilé, ó fi ọwọ́ kan ti ìdí.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ń bọ̀ wá kí i, ó ń la koríko kọjá díẹ̀díẹ̀, tòun ti oyún inú rẹ̀. Bàbá Àkíbù fi ọwọ́ bo ojú. Mo fẹ́ kígbe pé kó má tẹ ibẹ̀, ṣùgbọ́n n ò mọ ibi tí mo máa ní kó má tẹ̀.