Ohùn Tó Wà Nínú D

Ẹ má dárúkọ Bùsúyì létí mi. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ìyẹn gan-an ló sì ń dá mi lóró, nítorí èèyàn burúkú rọrùn láti bínú sí.

Láàpútọ́ọ̀pù mi ti darúgbó. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè ni mo ti ń lò ó, òun náà ni mo gbé wọlé ọkọ ní Òrù. Bí mo bá tàn án, màá gbé omi kaná, màá tẹ ẹ̀bà, màá jẹ ẹ́ tán, kò tíì jí. Hàmídù ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n máa kí i kú ìsinmi.

Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ yẹn ni ohùn màámi wà. Asimawu lorúkọ wọn, ará Abìgí létí omi. Nílé wọn, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ìyá ọmọ ló ń ki oríkì ìdílé sí i létí kí ọmọ tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Màámi nìkan ló kù tó mọ oríkì náà dópin. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n gbà á sílẹ̀ fún ọmọ tó wà nínú mi. Fóònù mi ti bàjẹ́ nígbà náà, láàpútọ́ọ̀pù ni mo fi gbà á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n sùn tí wọn ò jí.

Bí oyún mi ṣe ń ga ni ẹ̀rọ náà ń burú sí i. Bí mo bá tẹ ohùn yẹn, ẹ̀rọ á dúró gbagidi. Bí mo bá fẹ́ kó o sórí fláàṣì, bákan náà ni. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé lọ́jọ́ kan, kò ní jí mọ́.

Hàmídù ní, "Kò ṣàìsàn, Ìbíkẹ́. Ẹrù orí ẹ̀ ló wúwo jù. Windows yẹn, ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ṣe é fún. Jẹ́ ká lọ bá Bùsúyì kó fi èyí tó fúyẹ́ sí i."

Ṣọ́ọ̀bù Bùsúyì wà nítòsí géètì yunifásítì, láàárín àwọn oní-fọ́tòkọ́pì. Òjò ti ṣú láti àárọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì rọ̀. Bùsúyì yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó mi orí.

"Àǹtí, mẹ́mọ́rì yín kéré. Nínú àwọn tó lè rọ́pò Windows, Puppy ló fúyẹ́ jù, orí fláàṣì lásán ló lè máa gbé, àmọ́ ojú ẹ̀ ò ní tètè mọ́ yín lára. Lubuntu wúwo jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni, ó dáa gan-an."

Ó kọ́kọ́ gbé Lubuntu dìde láti orí fláàṣì, ká lè tọ́ ọ wò. Kí n tó mí kanlẹ̀, ojú ẹ̀rọ ti là. Hàmídù pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Arúgbó tó bá ṣàdédé ń sáré, ẹ̀rù ni í bà mí. Bùsúyì ṣí D, apá díìsìkì tí mo ń kó fáìlì mi sí, mo rí ohùn màámi níbẹ̀ lódindi. Hàmídù ní kí n tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́. Mo kọ̀, mo ní ojú ọjà kọ́ la ti ń gbọ́ ohùn òkú.

"Ká kúkú máa lò ó láti orí fláàṣì báyìí ná," ni mo wí.

"Fi sí i tán, jàre," Hàmídù sọ fún Bùsúyì. "Òjò ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ohùn yẹn síbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́," mo bẹ̀ wọ́n.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣebí inú D ló wà? C la fẹ́ fọ̀. Ta ní í fọwọ́ kan D?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo atúnkọ̀ǹpútàṣe tí mo ti bá pàdé, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: kó ẹrù ẹ sí D, bí wọ́n fọ́màátì ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, D kì í bàjẹ́. C ni pálọ̀, D ni àká. Mo gbà á gbọ́.

Bùsúyì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó yan èdè, ó yan aago Èkó. Ẹ̀rọ bi í bóyá kí òun nu díìsìkì kí òun tó wọlé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ààrá sán lápá ìlú Màmú, ọmọ inú mi yí gbirigbiri, mo sì di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. "Ó mà ń yára o!" ni Hàmídù ń wí. Òótọ́ ni, ó ń yára. Kò sóhun tó tíì lọ geere bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé mi.

Nígbà tó parí, Bùsúyì fẹ́ fi D hàn mí. Ó ṣí ibì kan, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Àǹtí," ó ní, "nígbà tí Lubuntu ń wọlé, kò mọ C, kò mọ D. Ẹyọ díìsìkì kan ṣoṣo ló ka méjèèjì sí. Ó ti nu gbogbo ẹ̀."

Mo gbá a létí. N ò tíì bẹ̀ ẹ́, n ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wa, ó ní òun á wá ohun tó bá ṣì kù nínú díìsìkì. Ibẹ̀ ló wà tí mo fi bí ọmọbìnrin. Àárọ̀ ìsọmọlórúkọ, àlùfáà ti jókòó, àwọn ará Abìgí ti kún pálọ̀ wa, ni Bùsúyì gbé e dé, òógùn bò ó.

"Ohùn ẹyọ kan ló jáde, Àǹtí. N ò tíì tẹ̀ ẹ́ wò."

Ayọ̀ gbé mi dìde. Ẹ̀rọ náà là kíá. Mo gbé etí ọmọ mi sún mọ́ ọn, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Màámi wúkọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ..." Ohùn mìíràn sì já lu tiwọn, ohùn èmi fúnra mi. Kì í ṣe oríkì náà ló jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tá a dán an wò ni, èyí tí mo ti gbàgbé pé ó wà.

"Ẹ dákẹ́ ná, màámi. Ẹ̀rọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á."

Màámi sì dákẹ́.