Àwọn Àtẹ Tí Motúnráyọ̀ Kó Jáde

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa bí èèyàn ṣe ń lò ó. Rídúwánù tó ń ta èèlò alùpùpù ní Djidjolé, ní ìlú Lomé, ti lo oògùn yìí títí ó fi di oúnjẹ fún un. Bí oníbàárà bá rẹ́rìn-ín jù, ara á fu ú. Bí kò bá rẹ́rìn-ín rárá, ara á tún fu ú. Bí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, yóò bèèrè ẹni tó so òjò rọ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń sáré pa nǹkan dé níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Motúnráyọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí bàbá rẹ̀ yọ sí i lẹ́yìn nídìí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Kó tó pa á dé, Rídúwánù ti rí ọ̀rọ̀ Faransé kan lójú ẹ̀rọ náà: exporter.

Ta ni kò mọ exporter ní Lomé? Ohun tí wọ́n bá ti export, ó ti gba èbúté lọ nìyẹn, ẹni tó ni ín kò tún lè fojú kàn án mọ́.

"Kí lò ń kó jáde?"

"Àtẹ àwọn oníbàárà wa ni, Bàbá. Mo fẹ́ kí á ní ẹ̀dà rẹ̀ ni."

"Ẹ̀dà fún ta ni?"

"Fún wa náà ni. Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Ó yọ fláàṣì kékeré kan lára kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó sì lọ ra oúnjẹ.

Ká má purọ́, Motúnráyọ̀ ló sọ ṣọ́ọ̀bù yẹn di ohun tó dà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́ ní yunifásítì, òun ló sì kó gbogbo ohun tó wà lórí bàbá rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó pín in sí àtẹ mẹ́ta. Àtẹ kan fún àwọn oníbàárà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àdúgbò wọn. Àtẹ kan fún ọjà. Ìkẹta fún títà, tí títà kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ oníbàárà kan àti ọjà kan, bí ìgbà tí èèyàn so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Rídúwánù mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè ra páálí èèlò kó tò ó sórí pẹpẹ. Àtẹ àwọn oníbàárà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gbé e lọ, ó ti gbé òun Rídúwánù lọ.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ṣí àtẹ náà kíá láti mọ̀ bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ ti gba èbúté lọ. Gbogbo wọn ló jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹsẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá dúpẹ́. Ti Rídúwánù ni pé ara rẹ̀ túbọ̀ gbóná. Olè tó jí ẹrù, tí ẹrù ṣì wà nílẹ̀, olè tó burú jù ni, torí pé ẹlẹ́rù kò ní pariwo.

Ọkàn rẹ̀ sì ti mọ ẹni tí wọ́n ń jalè fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń jẹ́ Herman, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù èèlò alùpùpù ní àdúgbò Adewui. Ó máa ń yà kí Motúnráyọ̀. "Bonjour, Papa, ça va?" ni yóò kọ́kọ́ wí, gbogbo eyín rẹ̀ á sì jáde. Rídúwánù kò fẹ́ràn eyín yẹn láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Nígbà tó délé, ó rojọ́ fún Àṣàbí ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Motúnráyọ̀, ọmọ yín kọ́ ni? Ẹ bi í léèrè."

"Ta ní ń bi olè pé ṣé ò ń jalè? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Páńsá ò fura, páńsá já iná."

"Ẹ wá jẹun kí ó má baà tutù," ni Àṣàbí wí, kò sì dá sí i mọ́.

Ẹ̀rí kan tún wà tí Rídúwánù ń kà mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti Motúnráyọ̀ ti fa ọ̀rọ̀ kan. Sọ̀fíyù, oní-zémijan tó máa ń fi alùpùpù gbé èèrò káàkiri ìgboro, gbé bíréèkì ẹ̀yìn kan tó rà lọ́wọ́ wọn wá. Awọ dúdú tó yẹ kó máa di táyà mú ti ṣí kúrò lára irin. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun kọ lu obìnrin kan tó pọn ọmọ ní ìkóríta Amoutivé. Rídúwánù ní mẹkáníìkì rẹ̀ ni kò mọṣẹ́, ó bú u, ó lé e jáde. Bí Sọ̀fíyù ti lọ tán, ó ṣí páálí bíréèkì náà, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tì í. Awọ rẹ̀ ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó pa páálí dé. Motúnráyọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ti rà á."

"Ká pè wọ́n ká wí pé kí ni? Pé Rídúwánù ń ta ikú? Gbé páálí yẹn sẹ́yìn, kí o sì pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ẹ̀."

"Bí a bá pa ọjà yẹn rẹ́, gbogbo títà tó so mọ́ ọn á bá a lọ. A ò ní mọ ẹni tó rà á mọ́ láéláé."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn."

Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà náà, Rídúwánù rò pé ó gba ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ ni. Ní báyìí, ó gbà pé inú ló ń bí i, àti pé torí ìbínú yẹn ló ṣe fẹ́ kó àwọn oníbàárà lọ fún eléyín. Òtítọ́ dúró síwájú ọkùnrin yìí gbọnrangandan, òun sì ń na ọrùn wo ẹ̀yìn òtítọ́.

Ó wá pinnu pé òun máa dẹ pàkúté. Ó ra síìmù tuntun, ó fi í sínú fóònù àtijọ́ kan. Nígbà tí Motúnráyọ̀ lọ kírun ọ̀sán, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ó fi oníbàárà tuntun kún àtẹ: Fàrúkù, oní-zémijan, Amoutivé. Nọ́ńbà síìmù tuntun ló kọ sí i. Kò sí Fàrúkù kankan níbì kankan. Ṣùgbọ́n bí Herman bá gba àtẹ náà, yóò pe gbogbo wọn láti polówó ọjà rẹ̀, fóònù Fàrúkù á dún, ọwọ́ á sì ba olè.

Ó tún rò ó wò. Oníbàárà tí kò ra nǹkan kan rí, ojú Motúnráyọ̀ kò ní ṣàì rí i. Ó yẹ kí Fàrúkù ti ra nǹkan. Ó ṣí àtẹ ọjà láti mú ọ̀kan, àfi bó ṣe rí bíréèkì burúkú yẹn lókè téńté, ọmọ náà kò tíì pa á rẹ́. Rídúwánù pòṣé. Olè tún ni, aláìgbọràn tún ni! Ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ ọwọ́ jù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Bí Fàrúkù ará Amoutivé ṣe di ẹni tó ra bíréèkì ní oṣù tó kọjá nìyẹn. Inú Rídúwánù dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀ débi pé ó ń kọrin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró sẹ́yìn pẹpẹ, ó rí i tí Motúnráyọ̀ tún ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, tó tún kó àwọn àtẹ jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín abẹ́nú.

Fóònù Fàrúkù dún lọ́jọ́ kejì, bí Rídúwánù ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu fóònù, ó gbé e, ó ń retí ohùn Herman.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ṣé Bọ̀dá Fàrúkù ni? Motúnráyọ̀ ni mo jẹ́, ọmọ Bàbá Rídúwánù tó ń ta èèlò alùpùpù ní Djidjolé."

"Hẹn," ni Rídúwánù wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bíréèkì ẹ̀yìn tí ẹ rà lọ́dọ̀ wa, kò dára. Ẹ má gun alùpùpù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ máa tì í bọ̀, a ó pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Bàbá mi ni wọ́n ní kí n pè yín."

Rídúwánù túbọ̀ tẹ áńkáṣíìfù mọ́ ẹnu fóònù.

"Ẹ má bínú sí wọn, sà. Wọn ò mọ̀ nígbà tí wọ́n tà á fún yín. Látìgbà tí wọ́n ti mọ̀, wọn ò sùn dáadáa. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Hẹn."

"Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí ọkùnrin náà lọ́kàn ni pé Herman kọ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ìtìjú náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló yé e báyìí. Ọmọ náà kò lè wá àwọn tó ra bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń mí sí i lọ́rùn. Ó kó àwọn àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé, ó tò wọ́n padà síbẹ̀, ó so wọ́n mọ́ra bí wọ́n ṣe wà, ó sì bi kọ̀ǹpútà léèrè ẹni tó ra ikú lọ́wọ́ wọn. Kí bàbá rẹ̀ má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ bíréèkì náà rẹ́ ló ṣe yára. Ó tún wá purọ́ gbè é. Ó ní bàbá òun ló rán òun, ó ní kò sùn. Rídúwánù tó ń sùn tó ń hanrun!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn oní-zémijan ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti alùpùpù wọn wá. Sọ̀fíyù ló ṣáájú wọn. Bó ṣe rí Rídúwánù, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ti sọ̀rọ̀ yín láìdáa káàkiri. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa rán ọmọ kó pe gbogbo wa. Irú yín ṣọ̀wọ́n nínú ọjà yìí. Ẹ̀yin náà kò ní rí àgbákò."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Rídúwánù kò ṣe àmín. Ó wo Motúnráyọ̀, ọmọ náà sì tẹjú mọ́ orí tábìlì, ó ń bẹ̀rù kí bàbá rẹ̀ má bèèrè pé èwo ni rírán. Ó dùn ún wọra pé ọmọ òun ń bẹ̀rù òun nídìí ohun rere.

"Sọ̀fíyù, dìde," ni ó wí. "Èmi kọ́ ni mo rán an. Mo ní kó má pè yín. Ọjọ́ tí o gbé e wá, tí mo bú ọ, ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀."

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Sọ̀fíyù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Rídúwánù ṣí páálí tuntun, ó mú bíréèkì kan, ó nà án sí i.

"Eléyìí dára."

Sọ̀fíyù kò gbà á. Ó wo ẹ̀yìn bàbá náà, níbi tí Motúnráyọ̀ wà.

"Àbúrò, ṣé lóòótọ́ ni pé ó dára?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Motúnráyọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Ó nawọ́, bàbá rẹ̀ sì gbé bíréèkì náà lé e lọ́wọ́.