Béèlì Baba Kọ́kọ́rọ́

Lọ́yà gba ìwé náà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kóòtù tó ń mì. Ó tẹ tábìlì náà wò. Kò mì mọ́.

"Ó tó," ló wí.

Ojú ìwé mẹ́ta ni Abẹ́rẹ́ kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ ọ́, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà bá lọ tán. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ fún àwọn adájọ́ ló wà níbẹ̀: pé ọkọ òun kì í jalè, pé ogún ọdún ló ti ń tún àgádágodo àwọn èèyàn ṣe, pé bó bá jẹ́ olè ni, ta ni ì bá ṣì ní àwo kan nílé ní gbogbo àdúgbò? Ó ti kọ́ ọ sórí. Ó ti dúró níwájú dígí sọ ọ́.

Lọ́yà sì ti sọ fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ ní kóòtù kékeré, tí akọ̀wé kọ sílẹ̀, òun ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Wọn kò ní pe ẹlẹ́rìí tuntun, wọn kò sì ní pe ìyàwó. Abẹ́rẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Adájọ́ wo ló máa rí ìyàwó ẹni lórí ìjókòó tí kò ní bi í pé irú èèyàn wo ni ọkọ rẹ̀?

Lọ́yà yìí gan-an ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó-tó ni wọ́n ń pè é ní kóòtù, torí bó bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta, á ní ó tó, á jókòó. Abẹ́rẹ́ fẹ́ lọ́yà tó ní ohùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Tíṣà Àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fẹ́ fi ilé rẹ̀ ṣe onídùúró fún ọkọ àbúrò rẹ̀, ló ní kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà kò kúkú kún un.

Nítorí irú ẹnu yìí ni ọkọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, ẹnu àti iṣẹ́ aránṣọ papọ̀. Ọkọ náà, Baba Kọ́kọ́rọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ẹjọ́ rẹ̀ kò gùn. Wọ́n kó fóònù lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù náà kò fọ́, kò tilẹ̀ ní àpá. Ẹni tó ṣí i tún fi í kọ́ padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Baba Kọ́kọ́rọ́ ló gé kọ́kọ́rọ́ tuntun fún oníṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó rí i níbẹ̀. Wọn kò bá fóònù kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ kóòtù kékeré ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí ló ṣí i, ó sì jù ú sẹ́wọ̀n oṣù méjìdínlógún. Ó ti lo méje níbẹ̀. Wọ́n ti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ pọ̀. Kò ní dín ní ọdún kan kó tó kan tiwọn. Béèlì ni wọ́n wá tọrọ lónìí, kí ó lè máa ti ilé wá jẹ́jọ́.

Ohun kan wà tí Abẹ́rẹ́ kò kọ sínú ìwé mẹ́ta náà, tí kò sì sọ fún lọ́yà. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó lọ wo ọkọ rẹ̀, ó bá a tó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ ní kọ́kọ́rọ́ kán sínú àgádágodo géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn wọ́dà wà lóde pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ, àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà nínú pẹ̀lú ebi, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Òun ló ní kí wọ́n na wáyà kan sí òun láàrin irin. Kí wọ́n tó ka ogún, ó ti ṣí.

Abẹ́rẹ́ bú u títí àkókò ìbẹ̀wò fi tán. "Ọwọ́ tó gbé yín débí, òun náà lẹ tún ń nà sí wọn?"

"Oúnjẹ ń tutù," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Látọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ ti pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Adájọ́ mẹ́ta wọlé, gbogbo èèyàn dìde. Ìyá àgbà kan tó gbé ìgò ojú sí ṣóńṣó imú ló jókòó láàrin. Wọn kò wo Abẹ́rẹ́. Wọn kò mú Baba Kọ́kọ́rọ́ wá. Kóòtù yìí kò nílò ojú tòun náà.

Nígbà tó kàn wọ́n, Ó-tó dìde.

"Olúwa mi, ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́rin: kò sí ẹlẹ́rìí tó rí i. Oṣù mọ́kànlá ló kù nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ẹjọ́ yìí kò sì lè kàn kí ọdún kan tó pé. Bí a bá dúró, á ti ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Ó tó."

Ó jókòó. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á láṣọ dìde.

Lọ́yà ìjọba ní ohùn ní tirẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn adájọ́ ń kọ nǹkan. Ó ní ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi kò ní ẹ̀tọ́ sí béèlì bí ẹni tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kan yọ, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kọ ọ́. Ó ní ọkùnrin yìí fi wáyà ṣí géètì ẹ̀wọ̀n kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ló lè dá a dúró? Bí wọ́n bá fún un ní béèlì, wọn kò ní rí i mọ́.

Ó-tó yíjú wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ náà jẹ́, torí bí lọ́yà bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ì bá ti wá èsì sílẹ̀.

Ìyá àgbà náà gbé orí sókè. "Géètì náà ṣí?"

"Ó ṣí gbayawu, Olúwa mi."

"Níbo ni ọkùnrin náà wà?"

Lọ́yà ìjọba wo ìwé. "Nínú ọgbà, Olúwa mi."

"Ó wá ṣe kí ni?"

Lọ́yà náà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Wọ́n kọ ọ́ pé ó sún sẹ́yìn, kí àwọn tó gbé oúnjẹ lè ráyè wọlé."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ tó wà lápá òsì fi ọwọ́ nu ẹnu. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan kúkúrú. Ó-tó dìde láti fèsì, ó wo ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tún jókòó. Kò tilẹ̀ ní ó tó.

Ó sún sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ mọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sún sẹ́yìn. Bí ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ òde bá pè é, á ṣí i, á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á sún ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, á kọjú sí títì títí onílé á fi wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn onílé kì í ṣíwájú onílé wo inú. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Abẹ́rẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó jọ ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

Àwọn adájọ́ forí korí. Kò pẹ́. Wọ́n fún un ní béèlì, pẹ̀lú onídùúró kan tó nílé nínú ìlú. Ìyá àgbà ní èyí kò sọ pé kò jẹ̀bi o. Ó di ọjọ́ ẹjọ́. Wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn.

Ó-tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ìwé Abẹ́rẹ́ lábẹ́ tábìlì, ó fún un. Tábìlì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Lọ́jọ́ mìíràn, ìyá," ló rọra wí, "èyí tí ẹ bá fẹ́ fi pa mọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi."

Abẹ́rẹ́ tẹrí ba fún un. Tíṣà Àgbà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wò ó bí ẹni tó rí nǹkan tuntun.

Ìwé béèlì pé, Tíṣà Àgbà fọwọ́ sí i, nígbà tí oòrùn sì ti ń rọ̀, Baba Kọ́kọ́rọ́ jáde lọ́gbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú báàgì kékeré lọ́wọ́. Ó ti gbẹ. Àgádágodo géètì ló kọ́kọ́ wò.

"Wọn kò tíì pààrọ̀ ẹ̀," ló wí. "Kọ́kọ́rọ́ tún máa kán sínú ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Abẹ́rẹ́ forí lé ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ bi í pé ilẹ̀kùn iwájú ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ní àpò ọkọ ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló sì há sí. Oṣù méje ni òun ti ń gba ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ní kó pe atúnkọ́kọ́rọ́ mìíràn, ó ní ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kàn án.

Baba Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́. Abẹ́rẹ́ yọ píìnì kan lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ó fún un. Ọkọ kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn iwájú, ó ki píìnì bọ ihò kọ́kọ́rọ́, ó tẹ etí sí i, ilẹ̀kùn náà ṣí. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó sún ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì kọjú sí títì.

Abẹ́rẹ́ la ẹnu láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò lè ṣe é. Ojú ìwé mẹ́ta ló kọ nípa ọkùnrin yìí, ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí kò sí nínú ẹ̀.

Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ dúró tì í, òun náà kọjú sí títì.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé," ló wí. "Ilé yín ni."