Ojú Solange Kí Wọ́n Tó Pè É

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé fíìmù, kí n sì máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nínú yàrá kan ní Joinville, nílẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1923, Anselme Vautrin ni olùdarí wa. Sinimá ò tíì máa sọ̀rọ̀ nígbà náà, ojú òṣèré ni gbogbo olùdarí gbẹ́kẹ̀ lé. Ti Vautrin yàtọ̀. Bí ìbànújẹ́ bá ti dé, á gbé kámẹ́rà kúrò lójú, á kọjú rẹ̀ sí ọwọ́.

Eré obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ bá òkun lọ là ń ṣe. Solange Marvaux ló ṣe opó náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìròyìn ikú wá bá a nínú eré, Solange sunkún débi pé àwọn káfíńtà tó ń kan pákó lẹ́yìn wa dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó ń ha ìpẹ́ ẹja ni Vautrin ní kí wọ́n yà.

Solange bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹja lẹ gbà síṣẹ́ ni, àbí èmi?”

Vautrin tún sún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ náà. Nígbà tó ku èmi àti Vautrin nìkan, èmi náà béèrè ìdí rẹ̀.

“Odile,” ó ní, “nígbà tí wọ́n wá sọ fún ìyá mi pé òkun ti gbé bàbá mi lọ, kò gbójú sókè. Ẹja ló ń ha. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Títí dòní, mi ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo lẹ àwòrán ọwọ́ náà pọ̀ bó ṣe fẹ́, mo wò ó títí, nǹkan kan ṣì kù. Mo bá tú agbọ̀n àjákù fíìmù. Mo rí ibì kan tí ayàwòrán ti ń yí ọwọ́ kámẹ́rà rẹ̀ kí wọ́n tó pe Solange pé kó máa ṣeré: ojú rẹ̀ hàn, ó kàn dúró, ó ń wo ilẹ̀. Kò pẹ́ ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo fi í sáàárín àwòrán ọwọ́ náà.

Nígbà tó hàn lára aṣọ funfun tí a fi ń wo fíìmù, Vautrin sún àga rẹ̀ síwájú. “Níbo lo ti rí èyí?”

“Nínú àjákù, ọ̀gá. Ẹ má bínú.”

“Jẹ́ n tún un wò.”

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la wò ó. Ó ní kí n lọ pe Solange wá wò ó, ó sì bi í pé, “Kí lò ń rò níbẹ̀ yẹn?”

Solange rẹ́rìn-ín. “Bàtà ló ń fún mi lẹ́sẹ̀. Mò ń rò ó bóyá kí n bọ́ ọ.”

Vautrin ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ní kí ayàwòrán máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òun tó pe òṣèré. Solange kọ́kọ́ bínú pé wọ́n ń yọ́ òun wò. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí yàrá mi láti wo ara rẹ̀.

“Èmi rèé?” á wí. “Odile, ojú tí mò ń gbé kiri nìyí, tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”