Ohun Tí Dagogo Sọ

Àkànkẹ́ kì í bá ọkọ rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìkánjú, nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwọlé Adétúnjí tó di akọ̀wé báǹkì ní Port Harcourt, ìgò ló ń fọ̀ fún oníṣòwò ará Síríà kan n'Íbàdàn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á sáré láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwé alẹ́, á máa jẹ ẹ̀kọ bí ó ṣe ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa rùn fún kẹrosíìnì tó wà nínú ìgò. Lọ́dún 1948, àgbàrá gbé bàtà rẹ̀ ọ̀tún lọ ní Gbági. Bàtà òsì nìkan ló wọ dé kíláàsì. Nígbà tí báǹkì wá rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà díẹ̀, yàrá ìkàwé àti ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tí ń sáré wọ ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo ohun tó rí níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi gígùn lọ́dún 1967, ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó tẹ́ máàpù Yúróòpù sórí tábìlì, ó sì fi ago tíì méjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyá Bísí, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ọkọ̀ ojú omi la ó wọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé ká yára."

Ọkọ̀ ẹrù ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gba èrò díẹ̀. Ní àárín oṣù Júùnù ni yóò wá gbé wọn ní èbúté Port Harcourt. Wọn ó sọ̀ ní Lísíbọ̀n, wọn ó wà níbẹ̀ títí ìlú náà á fi sú wọn. Lẹ́yìn náà, wọn ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú kékeré kan ní etí òkun Sípéènì. Láti ibẹ̀ wọn ó lọ sí Párísì. Lọ́ńdọ̀nù ló gbẹ̀yìn.

"N óò kàn gba iwájú ilé ìwé tí báǹkì rán mi lọ yẹn kọjá ni," Olúwọlé ní, "kí wọ́n lè rí i pé mo padà wá, n kò sì ní iṣẹ́ kankan í ṣe."

Àkànkẹ́ ń ránṣọ obìnrin ní iwájú ilé tí wọ́n háyà ní àdúgbò D-Line, kò sì tíì rí ìdí tí ènìyàn fi ń wọ ọkọ̀ lọ wo omi.

"Omi wo ni kò sí ní Port Harcourt níbí, Bàbá Bísí?"

"Èyí yàtọ̀. Iyanrìn ni wọ́n ń jókòó sí. Obìnrin á bọ́ bàtà rẹ̀, á jókòó sórí àga aláṣọ, á kàn máa wo òkun."

"Ta ló ń dáná?"

"Wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá ọ."

"Kí ni wọ́n ń gbé wá?"

"Ẹja."

"Ẹja! Ká kúrò ní Port Harcourt ká lọ jẹ ẹja!" Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un níka.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìlú etí òkun yẹn ló máa ń béèrè. Ọkọ rẹ̀ á fẹ́ sọ̀rọ̀ Párísì, òun á dá a padà sí iyanrìn. Ṣé òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀? Ṣé ènìyàn dúdú lè jókòó síbẹ̀ láìsí pé wọ́n ń wò ó? Ó rán búláòsì kan tí kò rán irú rẹ̀ fún oníbàárà rí, ó ní ti àga aláṣọ ni. Bísí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wà nílé ìwé n'Íbàdàn. Ilé ìyá Àkànkẹ́ ni yóò ti lo ìsinmi, títí àwọn òbí rẹ̀ á fi dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù Méè ni rédíò sọ fún wọn láàárọ̀ pé ìhà ìlà oòrùn ti ya kúrò lára Nàìjíríà, pé Bìáfúrà ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Wọ́n ń jó ní òpópónà. Olúwọlé pa rédíò, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Àkíbù wá bá wọn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìkòkò àti àgádágodo ló ń tà, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan ní Port Harcourt tí kò mọ ohùn rẹ̀.

"Ọ̀gá Adétúnjí, ẹ ò tíì di ẹrù?"

"A ti ń dì í. Ìlú òyìnbó là ń lọ."

"Ìlú òyìnbó!" Àkíbù wo Àkànkẹ́, ó tún wo ọkọ rẹ̀. "Ibi tẹ́ ẹ wà yìí gan-an ti di òkè òkun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá mi. Ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ ò sanwó ọkọ̀."

Olúwọlé rẹ́rìn-ín. Àkànkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ọkọ̀ ogun Ìjọba Àpapọ̀ ti dí ẹnu omi ní Bonny," Àkíbù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń dúró dè, ṣé abẹ́ omi ni yóò gbà wọlé? Àwa ti háyà lọ́rì. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ la ó gbéra, a ó gba orí afárá Oníṣà kọjá kí wọ́n tó tì í. Mo fi ààyè ẹni méjì sílẹ̀ fún yín láàárín ìkòkò. Ẹ má jẹ́ kí n dúró dè yín o. Bàbá tó bí mi gan-an, n kò ní dúró dè é."

Nígbà tó lọ tán, Olúwọlé ní Àkíbù fẹ́ràn ariwo. Ó ní wọ́n ti sanwó ọkọ̀, pé ilé iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ náà kò tíì sọ pé kò ní wá. Ó ní ìdàrúdàpọ̀ ìlú yìí á rọlẹ̀ kí wọ́n tó ti Párísì dé. Àkànkẹ́ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bàbá Bísí, ọmọ kan ṣoṣo la bí. Odò Ọya ló wà láàárín àwa àti òun. Tí wọ́n bá ti afárá yẹn, kí la fẹ́ ṣe?"

 Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Olúwọlé ká máàpù, ó sì wọ bàtà.

"Ó dáa. A ó bá Àkíbù lọ. Jẹ́ kí n lọ gba pásípọ́ọ̀tù wa lọ́wọ́ Dagogo ní èbúté. Ìwé ìjọba kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀ nìyẹn, a ò lè fi í sílẹ̀. Mò ń bọ̀."

Dagogo ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ gba èrò, ọmọ Kalabari, ọ̀rẹ́ Olúwọlé ni láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ló gba pásípọ́ọ̀tù méjèèjì láti fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ọkọ̀.

Àkànkẹ́ kó ẹrù lọ sí gáréèjì. Lọ́rì ti kún. Àkíbù ń pariwo lórí okùn tí wọ́n fi ń di ìkòkò, ìyàwó rẹ̀, Sàlímọ́tù, ti jókòó sórí àpò kan. Oòrùn kọjá àárín ọ̀run. Àkànkẹ́ ń wo ọ̀nà èbúté. Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀.

"Ìyá Bísí, ẹ gòkè wá," Sàlímọ́tù ní, ó na ọwọ́ sí i. "Ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n á wá ọ̀nà tiwọn. Ẹ ronú ọmọ yín."

Àkànkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹ̀yìn lọ́rì. Ó di ọwọ́ Sàlímọ́tù mú. Ó ro Bísí, ó sì ro ọkùnrin tí yóò dé gáréèjì tí kò ní bá ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sọ̀.

"Àkíbù, díẹ̀ sí i, mo bẹ̀ yín."

Àkíbù wo ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, òun tó ní òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá ara lọ́rì, wọ́n sì lọ.

Eruku wọn kò tíì rọlẹ̀ tán tí ọkọ rẹ̀ fi yọ. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó ra ẹ̀pà dání, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ń bọ̀!" ló kọ́kọ́ sọ. "Àkànkẹ́, ọkọ̀ wa ń bọ̀! Mo kúkú ti fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún wọn. Jẹ́ kí Àkíbù máa lọ."

"Ta ló sọ pé ó ń bọ̀?"

"Dagogo fúnra rẹ̀. Mo ní, 'Dagogo, my passport nko? Ship nko?' Ó ní, 'E dey come.'"

Àkànkẹ́ jókòó sórí ẹrù.

"Kí ló ń ṣe nígbà tó sọ ọ́?"

"Kí ló ń ṣe bí i ti báwo? Ó dìde. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó."

"Ó mú fìlà."

"Ó jáde. Mo jókòó dè é pé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó pẹ́. Ìdí tí mi ò fi tètè dé nìyẹn."

"Bàbá Bísí, ẹ rọra rántí. Ṣé 'E dey come' ló sọ, àbí 'I dey come'?"

Olúwọlé dẹ́kun ẹ̀rín. Ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ẹnu ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Ọ̀kan ni pé ọkọ̀ ń bọ̀. Èkejì ni pé èmi ń bọ̀. Ta sì ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń jáde lọ ló ń sọ pé òun ń bọ̀? Irọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni, kí ìjókòó má bàa tutù jù lójú ẹni tó ṣẹ́kù. Olúwọlé ti ń sọ ọ́ láti kékeré. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

"Ó lè jẹ́ 'E' o," ó sọ níkẹyìn.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Kò tíì pè é ní sà rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sí èbúté. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà. Obìnrin tó ń ta mọ́í-mọ́í níwájú ibẹ̀ ní Dagogo ti fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó aya àti ọmọ gba inú odò lọ sí Buguma, ìlú rẹ̀, láti àná, fìlà lórí, kò tilẹ̀ dúró gba ṣéńjì lọ́wọ́ òun. Olúwọlé fi ojú mọ́ gíláàsì fèrèsé. Ó rí tábìlì Dagogo, ó rí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n kó pásípọ́ọ̀tù sí. Kò ju kí ènìyàn na ọwọ́ lọ. Ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ ní kí ó kúrò.

Ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn. Tíṣà kan tó jẹ́ ará Agbor, ní òdìkejì Odò Ọya, ń padà sílé, ààyè ẹnì kan ló kù nínú mọ́tò kékeré rẹ̀. Olúwọlé kò jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ sínú mọ́tò, òun ló ti ilẹ̀kùn.

"Lọ bá Bísí," ó ní. "Yára."

Wọn kò jìnnà. Lẹ́bàá Rumuokwurushi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan fi igi dí títì, ọ̀kan mú ìbọn ọdẹ dání.

"Madam, which side you come from?"

Àkànkẹ́ fi èdè Ìgbò tó fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó mú ìwé tó fi ẹni tó jẹ́ hàn wá.

"E dey for shipping office. For wharf."

"That office? Dem don run, madam." Ọ̀dọ́kùnrin náà kò pariwo mọ́ ọn. "No paper, no pass. Come down."

Tíṣà bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n sì ní bí ó bá tún sọ̀rọ̀, òun náà á sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀ fún un, kò lè wo ojú rẹ̀, ó sì wa mọ́tò lọ. Àkànkẹ́ gbé ẹrù lé orí. Ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Aba padà, ó kọjá Rumuola, ó dé ilé lọ́sàn-án.

Olúwọlé wà níwájú ilé. Ó dìde nígbà tó rí i, ó gba ẹrù lórí rẹ̀. Ó bu omi fún un. Nínú ilé kejì, rédíò ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, wọ́n tún ń kọrin. 

"Bísí á ti máa rò pé a ti wà lórí omi," Olúwọlé ní.

"Ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀," Àkànkẹ́ dáhùn, ó sì wọlé lọ tú ẹrù.